Gbọ̀ngàn Orin Tí Ráńdà Kò Kàn

Àwọn òpó tó gbé òrùlé Gbọ̀ngàn Orin Maverick dúró kò mọ ráńdà. Ìtí igi ni wọ́n, roboto bí wọ́n ṣe hù nínú igbó, tí wọ́n gé, tí wọ́n sì nà ró. Pákó ara ilé náà kò dán. Bí ayùn ṣe là á ló ṣe wà. Nínú igbó létí ìlú Woodstock, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ni ilé yìí ti wà láti ọdún 1916. Orin tí wọ́n sì ń fi fáyólìn àti dùùrù kọ níbẹ̀ ni ti Haydn, ti Beethoven, ti Schubert, orin tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ilé aláràbarà tí góòlù ń kọ mànà lára ògiri rẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Òǹkọ̀wé ni Hervey White tó kọ́ ọ, kì í ṣe ayàwòrán ilé. Wọ́n bí i ní Iowa ní 1866, ó kàwé ní Harvard. Ní 1902, òun àti Ralph Whitehead pẹ̀lú Bolton Brown tẹ àgọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà kan dó sí Woodstock, wọ́n pè é ní Byrdcliffe. Owó Whitehead ni wọ́n ń ná, àṣẹ Whitehead náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. White kò lè fara dà á. Ó kúrò níbẹ̀, ó ra ilẹ̀ oko tirẹ̀ ní 1905, ó sì fi àyè gba àwọn òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti olórin tí kò lówó lọ́wọ́. Àgọ́ kejì yìí ni Maverick. Kànga tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ gan-an, ayẹyẹ ńlá ni wọ́n fi kówó rẹ̀ jọ ní 1915. Nígbà tí àwọn olórin tó ń wá láti New York nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń fẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa ṣeré, White àti àwọn ará àgọ́ dìde, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ.

Iwájú ilé náà lókè, níbi tí òrùlé ti pàdé, fèrèsé onígíláàsì kéékèèké ló kún ibẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ láàárín igi lè wọlé. Àwọn ilẹ̀kùn gbòòrò, wọ́n sì máa ń ṣí wọn sílẹ̀ gbayawu, tó fi jẹ́ pé àwọn mìíràn ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi níta, tí wọ́n ń gbọ́ orin kan náà.

Pákó tín-ín-rín máa ń gbọ̀n bí ohùn ìsàlẹ̀ bá kàn án, gbígbọ̀n yẹn a sì jẹ nínú ohùn náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ́ gbọ̀ngàn ńlá fi ń wá ohun tó wúwo fi ti ẹ̀yìn igi tí ojú ń rí. Ní Maverick, igbó ló wà lẹ́yìn pákó. Àbùkù ńlá ni èyí ì bá jẹ́ fún ilé tó ń gba ọgọ́rùn-ún olórin. Ṣùgbọ́n ilé White kéré, olórin mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún ló wà fún, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá kò sì jìnnà sí sẹ́lò. Ohùn tó bá gba ẹnu ọ̀nà jáde kì í padà wá da èyí tó ń bọ̀ rú. Nítorí náà, ohun tí fíólà ń sọ lábẹ́ fáyólìn méjèèjì máa ń hàn gbangba, orin olórin mẹ́rin kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, níbí ni ọgbọ́n White wà: ó mọ ibi tí iṣẹ́ ti tó.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1952, David Tudor jókòó sídìí dùùrù nínú gbọ̀ngàn yìí, ó pa ìdérí rẹ̀ dé, ó ń wo aago, kò tẹ ohunkóhun. 4′33″, orin tí John Cage kọ, nìyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé e jáde láyé. Apá mẹ́ta ló ní. Cage sọ lẹ́yìn náà pé ní apá kìíní, atẹ́gùn ń fẹ́ níta; ní apá kejì, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta sórí òrùlé; ní apá kẹta, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀, àwọn kan ń dìde lọ. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ká ní inú ilé onísìmẹ́ńtì tí wọ́n tì pa ni, kí ni wọn ì bá gbọ́ ju ikọ́ ara wọn lọ? White ti kú ní 1944, kò sí níbẹ̀, àmọ́ òun ló ti ṣí ilé sílẹ̀ de òjò yẹn láti ọdún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn.

Ẹṣin kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè ṣe kí n má mẹ́nu kàn. Ní 1924, White ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, John Flannagan, gbẹ́ ère fún àgọ́ náà. Ààbọ̀ dọ́là ni owó iṣẹ́ wákàtí kan. Àáké nìkan ni Flannagan lò, ara igi chestnut kan ló gbẹ́ ẹ sí, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, ọjọ́ mélòó kan ló sì fi parí rẹ̀. Ọkùnrin kan ń yọ láti inú ilẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹṣin sì ń yọ láti ọwọ́ rẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére wa máa ń ti orí ọnà lílé bọ́ sí àlétúnlé, kí wọ́n tó dé dídán àti fínfín. Flannagan kò dé ibi dídán rárá. Ojú àáké hàn lára igi náà, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ṣá a, síbẹ̀ ọrùn ẹṣin náà ní agbára tí mo rò pé dídán ì bá pa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òjò àti yìnyín fi pa á lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ kí wọ́n tó gbé e wọ inú gbọ̀ngàn, sórí pèpéle, níbi tí ó wà di òní.

Òkúta ni Flannagan padà fi ṣe orúkọ. Ọ̀kan lára iṣẹ́ rẹ̀, *Triumph of the Egg* tó gbẹ́ ní 1937, wà ní Museum of Modern Art ní New York: òròmọdìẹ tó ń pa jáde láti inú ẹyin, tí òkúta tó kù sì wà bí òkúta.