Ìwé Àṣẹ Ìtọ́jú àti Ọmọ Tí Gìrì Mú: Àyẹ̀wò Èdè Kan láti Òkè-Ògùn

Ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe ewì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ìwé àṣẹ ìtọ́jú ni, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn alábọ́ọ́dé ń pè ní Standing Orders. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe kàyéfì nípa ohun tí ó gbé e dé ẹ̀ka èdè, a bẹ̀ ẹ́ kí ó fara balẹ̀ bá wa lọ.

Iṣẹ́ ìwé náà ni láti fún ẹni tí kì í ṣe dókítà láṣẹ láti tọ́jú aláìsàn láìdúró de dókítà. Ní Los Angeles, lẹ́yìn òfin ọdún 1970, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pàjáwìrì a máa bá ilé-ìwòsàn sọ̀rọ̀ lórí rédíò kí wọ́n tó lo oògùn. Àṣẹ tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú ni ó wá dín ìdúró yìí kù. Èkó náà ní ọkọ̀ pàjáwìrì tirẹ̀, LASAMBUS, láti ọdún 2001. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé tí ó yí Ṣakí ká, tí wọ́n jìnnà sí Ìbàdàn ju 150 kìlómítà lọ, òṣìṣẹ́ alábọ́ọ́dé ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń kọ́kọ́ bá pàdé. Inú ètò ìlera ọdún 1975 sí 1980 ni irú òṣìṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀. A kò lòdì sí àṣẹ tí a fún un. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí lóru kò ní sọ pé kí ó dúró de dókítà.

Èdè ìwé náà ni a ní wí sí. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, gbólóhùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo: bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, ṣe báyìí. Apá kejì, ìyẹn àṣẹ gan-an, kò ní àbùkù. Apá kìíní ni ó mẹ́hẹ, nítorí ẹnu ìyá ọmọ ni òṣìṣẹ́ yóò ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ìyá wọlé, ó ní, "Gìrì mú un." Ọ̀rọ̀ kan yìí lè tọ́ka sí ọmọ tí ara gbígbóná lásán mú kí ó gbọ̀n, ọmọ tí ibà ti dé ọpọlọ rẹ̀, ọmọ tí ó ní yírùnyírùn, tàbí ìkókó tí tẹ́tánọ́ọ̀sì gba ojú ìwọ́ wọ̀ lára. Ìtọ́jú wọn kò dọ́gba rárá. Òṣìṣẹ́ tún béèrè pé, "Ṣé ẹ ti fún un lóògùn?" Ìyá ní rárá. Kò purọ́. Nínú ọgbà ilé-ìwòsàn, oògùn òyìnbó ni ó gbọ́ pé wọ́n ń béèrè. Àgbo kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti kọ̀wé láti nǹkan bí ọdún 1970 lórí àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe, pé ó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, kí gìrì náà sì le sí i. Ìbéèrè tí kò bá èdè ìyá mu ti fi ohun tí ó lè pa ọmọ pamọ́.

Àwọn kan yóò ní kí ìgbìmọ̀ kan túmọ̀ gbogbo ìwé náà. A kò rò bẹ́ẹ̀. Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá fún wa, ó sì wúlò fún olùkọ́. Ṣùgbọ́n láti inú ìwé sí ẹnu ni ìyẹn ń lọ. Láti ẹnu sínú ìwé ni ti òṣìṣẹ́ ìlera. Kí orúkọ oògùn àti òṣùwọ̀n rẹ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ti wà. Àwọn ìbéèrè nìkan ni kí a lọ gbà lẹ́nu àwọn ìyá ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, kí a sì kọ wọ́n bí Oǹkò ṣe ń sọ wọ́n. "Kí ni ó ti kan ọmọ lẹ́nu láti àná? Kí ni ẹ fi pa á lára?" Ojú ìwé gìrì ni ó yẹ kí irú èyí wà, ṣáájú ìlà tí ó sọ òṣùwọ̀n oògùn.