Ta Ni Yóò Gbe Orin Náà? Àwo Orin Àdáṣe Méjì ti Ọdún 2018 àti Etí Olùgbọ́ ní Kíṣì

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, àṣà àwọn olólùfẹ́ orin ni láti to àwọn àwo orin tí wọ́n fẹ́ràn jù lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí orin àdáṣe, ìyẹn orin tí olórin fi owó àti òye ara rẹ̀ gbé jáde láìsí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan, àti sí orin tí ó ní àwọ̀ ìbílẹ̀, kò ní ṣàì mẹ́nu ba àwo méjì bí ó bá ń to ti ọdún 2018: Oṣó, tí Brymo gbé jáde ní oṣù kẹta, àti About 30, tí Adékúnlé Gold gbé jáde ní oṣù karùn-ún. Àwo méjèèjì ló yẹ fún irú ipò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú àtòjọ yìí kọjá ọ̀rọ̀ fàájì. Ohun tí a bá tò ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ṣe àpilẹ̀kọ, òun ni olùkọ́ yóò fi kọ́ni, òun náà ni a ó sì rí fi pamọ́. Nítorí náà, ó tọ́ láti béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ méjì wọ̀nyí, àdáṣe àti ìbílẹ̀, túmọ̀ sí nínú orin Yorùbá, kí a sì fi etí ibi tí orin ìbílẹ̀ kò tíì di ohun ìrántí lásán wọn àwo méjèèjì wò.

Kíṣì yẹ fún irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ìlú yìí ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀, ní ìhà àríwá Òkè-Ògùn, níbi tí igbó ti di ọ̀dàn. Ahoro Ọ̀yọ́ Ilé kò jìnnà sí i. Ìgbòho, níbi tí àwọn Aláàfin tẹ̀dó sí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀nà tí ó gba Ìgbẹ́tì kọjá sì so ó pọ̀ mọ́ Ìlọrin, ìlú tí dadakúàdà ti gbilẹ̀. Ní irú agbègbè yìí, ọdẹ kì í sun ìjálá nítorí pé ọjọ́ ìgbéjáde àwo pé. Ó ń sun ún nítorí pé ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ kú, tàbí nítorí pé ọdún Ògún dé. Ìyàwó ń sun rárà nítorí pé ilé bàbá rẹ̀ ni ó fẹ́ fi sílẹ̀. Ohun tí ó ń pe orin jáde ni ìṣẹ̀lẹ̀ láàrin àwùjọ. Ìdí nìyí tí àwọn orin wọ̀nyí kì í fi í sí lórí àtòjọ ọdún kankan: wọn kò ní ọjọ́ ìgbéjáde, wọn kò sì ní àwòrán ẹ̀yìn páálí.

Ohun kejì tí a lè kọ́ lára wọn ni pé ìdáhùn jẹ́ ara orin. Lílé àti gbígbè ni òpó méjì tí ọ̀pọ̀ orin Yorùbá dúró lé. Kódà nínú ewì alohùn tí ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń ṣe é, etí àwọn ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tí ó jáde ní ọdún 1966, fi yé wa pé apohùn ìjálá lè bá àtakò pàdé lójú agbo: ọdẹ mìíràn lè já a nírọ́ bí ó bá ṣi oríkì pè tàbí tí ó bá fi ìtàn ìdílé kan kún òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni rárà ìyàwó: ẹnu ìyàwó ni ẹkún náà ti ń jáde, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bá a kiri, àdúrà òbí ni ó sì ń dúró dè. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Olórin ìbílẹ̀ lè dá dúró, ṣùgbọ́n kò dá wà.

Orin àdáṣe náà kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1969 ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọba orin àpàlà, àti I. K. Dairo, àgbà olórin jùjú, dá Star Records sílẹ̀, kí olórin lè ní àṣẹ lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1979, Hárúnà Ìṣọ̀lá kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní Ìbàdàn, akéwì Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ dá Ọlátúbọ̀sún Records sílẹ̀, ó sì fi ohùn àwọn ẹlòmíràn sórí àwo, lára wọn ni Odòlayé Àrẹ̀mú, àgbà olórin dadakúàdà láti Ìlọrin. Ìjálá Òkè-Ògùn pàápàá wọ inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù nípasẹ̀ Àlàbí Ògúndépò ti Ṣakí. Èyí ni kókó tí ó yẹ kí ó fún lámèyítọ́ òde òní ní ìrònú: akéwì tí ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kò fi mọ sórí ohùn ti ara rẹ̀. Òmìnira rẹ̀ di ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn gbà wọlé.

Bí a bá fi èyí sọ́kàn, a ó rí agbára Oṣó àti ibi tí agbára náà mọ. Láti ìgbà tí Brymo ti kúrò lọ́dọ̀ Chocolate City ní ọdún 2013 ni ó ti ń tọ ọ̀nà ti ara rẹ̀. Nínú Oṣó, gìtá àti dùùrù ni ó gbé ohùn rẹ̀ ró, ìlù kò sì pariwo bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àkọlé náà gan-an jẹ́ ìpèníjà: ọ̀rọ̀ tí àwùjọ fi ń dẹ́rù ba ara wọn ni olórin yìí gbé wọ̀ bí ẹ̀wù. Nínú fọ́nrán “Heya!”, bàńtẹ́ ni ó sán jókòó sídìí dùùrù, ara rẹ̀ tí ó hàn síta sì fa awuyewuye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo orin náà mọ́lẹ̀. “Ọlánrewájú” fi hàn pé ó mọ bí a ti ń fi Yorùbá tí kò lábùlà kọ orin tí ó ní ìjìnlẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni olùgbọ́ ń bá pàdé. Àkọlé orin rẹ̀ kan, “Bá'núsọ”, ṣe àkópọ̀ ìdúró yìí. Inú ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń sọ ni ó ti wá, pé kí ènìyàn bá inú ara rẹ̀ sọ, kí ó má bá ẹnìkan sọ. Ọgbọ́n ni èyí fún ẹni tí ayé ti já kulẹ̀. Bí ó bá di ìlànà orin, kò sí àyè fún elégbè mọ́. Olùgbọ́ lè yẹ́ irú olórin bẹ́ẹ̀ sí. Ó ṣòro kí ó bá a gbè é.

About 30 gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, Gold, tí ó jáde ní ọdún 2016 lábẹ́ YBNL, Adékúnlé Gold di ọ̀gá ara rẹ̀. Ọjọ́ orí ni àkọlé àwo kejì yìí dá lé, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń wo ẹ̀yìn wo iwájú sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. “Ire” ni ó yẹ kí a tẹ etí sí jù. Ìtàn ẹni tí ó rò pé ibòmíràn dùn ju ibi tí ó wà lọ ni, tí ó wá mọ̀ pé ire kò jìnnà sí òun. Ìtàn ẹnìkan ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó fi ṣe òpó orin náà kì í ṣe ti ẹnìkan. Bí àgbà bá ń wúre ní Kíṣì, àwọn tí wọ́n wà ní ìjókòó ni wọ́n ń ṣe àṣẹ. Bí wọn kò bá dáhùn, ìwúre náà kò tíì pé. Ègbè “Ire” rọrùn débi pé agbo lè gbà á lẹ́nu rẹ̀. Pípè tí ó pe Flavour sí “Yoyo” àti Ṣeun Kútì sí “Mr. Foolish” fi hàn bákan náà pé kò fẹ́ dá nìkan sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ibi tí àwo yìí ti rọ̀ ni pé ó tètè ń tu olùgbọ́ nínú. Kò ní irú ìgboyà tí Oṣó fi dojú kọ ohun tí ó ń bani lẹ́rù.

Ẹnìkan lè sọ pé a kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n agbo ọdẹ wọn olórin tí ìlú Èkó bí, pé dídá wà jẹ́ òtítọ́ ìgbésí ayé ìlú ńlá, orin sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ náà. Àríyànjiyàn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdí tí Oṣó fi wúlò gan-an nìyẹn: ó jẹ́ kí a gbọ́ bí ó ti rí nígbà tí kò sí ẹni tí yóò dáhùn. Ohun tí kò tọ́ ni kí a fi gìtá àti ìwọ̀nba òwe pe irú orin bẹ́ẹ̀ ní orin ìbílẹ̀, kí a sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ orin tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́ nítorí pé kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gìtá kò sọ orin di ìbílẹ̀. Ìdáhùn ni ó ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Beautiful Nubia, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹran kí orin tó gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́ náà, ti fi hàn láti ìgbà Jangbalajugbu ní ọdún 2002 pé olórin àdáṣe òde òní lè kọ orin tí ogunlọ́gọ̀ yóò gbè. Ohun tí ó kù ni pé kí òmìnira náà tún di ilẹ̀kùn, bí ó ti rí ní ayé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ kò wọ́n bíi ti ọdún 1979 mọ́. Ó wà nínú fóònù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Kíṣì ń mú dání. Bí àwọn olórin àdáṣe, àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá bá lè gba ìjálá àti rárà ìyàwó Òkè-Ògùn sílẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àti orúkọ àwọn tí wọ́n ni ín, pẹ̀lú ohùn elégbè àti ti ẹni tí ó ń já apohùn nírọ́, nígbà náà ni àtòjọ òpin ọdún yóò tó lè pe ara rẹ̀ ní àtòjọ orin ìbílẹ̀. Oṣó àti About 30 yóò ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú iyì wọn, ṣùgbọ́n wọn yóò wà láàrin àwọn ohùn tí ó lè dá wọn lóhùn.