Ọwọ́ Tó Ń Dúró De Ọmọ

Ní ilé kan tó wà ní òpópó Lóczy, ní apá Buda ìlú Budapest, lórílẹ̀-èdè Hungary, bí wọ́n ṣe máa ń wọ ẹ̀wù fún ọmọ ọwọ́ nígbà kan rèé. Olùtọ́jú á kọ́kọ́ tẹ̀ ba síbi tí ọmọ ti lè rí ojú rẹ̀, á sì pe orúkọ rẹ̀. Á na ọwọ́ méjèèjì sí i, á sọ fún un pé òun fẹ́ gbé e. Kò ní í tíì gbé e. Á dúró, á máa wò ó, títí ara ọmọ á fi fi hàn pé ó ti gbọ́: ojú á yí wá, èjìká á gbéra díẹ̀. Ìgbà yẹn ni á tó wá gbé e.

Lórí tábìlì tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, á fi ẹ̀wù han ọmọ. Á ní, “Ẹ̀wù rẹ rèé. Fún mi lọ́wọ́ rẹ.” Á tún dúró. Ọmọ lè máa wo ojú fèrèsé. Ó lè gbá etí ẹ̀wù mú kó fẹ́ máa fi ṣeré. Olùtọ́jú ò ní í já a gbà, kò sì ní í fa apá ọmọ. Á fi orí ìka kan ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́, á tún un béèrè. Bó pẹ́ bó yá, ọwọ́ kékeré yẹn á gbéra. Olùtọ́jú ti ká apá ẹ̀wù jọ sórí ìka ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ìka ọmọ má baà há, ẹ̀wù ló sì máa lọ bá ọwọ́ níbi tó wà. Bí apá kan bá ti wọlé, á sọ fún ọmọ pé ó ti wọlé, wọ́n á sì jọ mú ìkejì.

Lójú ẹni tó bá ń kọjá lọ, ẹ̀wù ni wọ́n wọ̀ fún ọmọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ọmọ tí à ń wí yìí ò ní ìyá tàbí bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ikú ló mú òbí àwọn kan lọ, àìsàn ni kò jẹ́ kí àwọn kan lè tọ́jú tiwọn, ìṣẹ́ ló sì mú kí àwọn mìíràn fi ọmọ sílẹ̀. Ẹni tó ń wọ ẹ̀wù fún un, òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ni. Sùúrù tó fi dúró de ọwọ́ ọmọ yẹn, wọ́n kọ́ ọ ni, ó sì ní láti ṣe é láràárọ̀, yálà ó sùn dáadáa lóru àbí kò sùn. A máa ń yin àwọn tó ń tọ́jú ọmọ aláìlóbìí fún inú rere wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rere nìkan ò tó ọmọ í tọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, ó ní ìlànà, ó ṣeé kọ́, ó sì ṣeé fi kọ́ ẹlòmíràn. Ilé Lóczy ni mo mọ̀ tí ó fi èyí hàn kedere jù lọ.

Kí ilé náà tó bẹ̀rẹ̀, aráyé ti mọ ohun tí ìtọ́jú tí kò ní ojú àánú ń ṣe fún ọmọ. Ní 1945, René Spitz, dókítà tí wọ́n bí ní Vienna, tó dàgbà ní Hungary, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa ilé kan tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí a já sílẹ̀ sí. Ilé náà mọ́ tónítóní. Wọ́n ń fún àwọn ọmọ lóúnjẹ, dókítà sì ń wò wọ́n. Síbẹ̀, nínú ọmọ 91, àwọn 34 ló kú láàárín ọdún méjì tó fi ṣọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ́ kù ò lè rìn, wọn ò lè sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ wọn. Ohun tó wọ́n nílé náà ni ẹnì kan tí ọmọ mọ̀ dájú, tí onítọ̀hún náà sì mọ ọmọ.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1946, ìjọba ìlú Budapest fa ilé tó wà ní Lóczy lé Emmi Pikler lọ́wọ́, kó fi gba àwọn ọmọ tí ogun àti ìpọ́njú ẹ̀yìn ogun sọ di aláìlálábòójútó. Vienna ni wọ́n bí Pikler sí ní 1902, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé, Hans Salzer, gbà pé dókítà tó mọṣẹ́ lè yẹ ọmọ wò láìpa á lẹ́kún. Ibẹ̀ ló ti kíyè sí ohun mìíràn: àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ tó ń sáré ní títì, tó ń gun igi, kì í fi bẹ́ẹ̀ fi ara pa púpọ̀ bí àwọn ọmọ olówó tí alágbàtọ́ ń ṣọ́ ní gbogbo ìgbà. Ọmọ tó bá ti fúnra rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, ara rẹ̀ ti gbọ́n. Nígbà tó wá ń gbé ní Budapest, ó di dókítà tó ń lọ sílé àwọn òbí láti kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa wo ọmọ, ó sì kọ ìwé fún àwọn òbí ní 1940. Júù ni. Nígbà tí ogun dé, àwọn òbí ọmọ tó ti tọ́jú wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́ tí òun àti ìdílé rẹ̀ fi là á já.

Àwọn nọ́ọ̀sì tí Pikler kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ ní Lóczy ti kọ́ṣẹ́, ọwọ́ wọn sì yá. Wọ́n á wẹ ọmọ, wọ́n á wọṣọ fún un, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á tẹ́ ẹ padà, ó di orí ẹlòmíràn. Ìyára yẹn gan-an ni Pikler rí pé ó ń sọ ọmọ di ẹrù tí wọ́n ń gbé kiri. Nígbà tí wọn ò yí padà, ó dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá gba àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ọmọ jẹ wọ́n lógún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn láti ìpìlẹ̀: bí wọ́n ṣe ń fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbé orí ọmọ, bí wọ́n ṣe ń yí i láìfa apá rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe é. Ó gba ìgboyà kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé tó kún fún ọmọ ọwọ́ tó lè ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀.

Yorùbá ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Òótọ́ ni, níbi tí ẹni tó bímọ bá wà. Nílé ọmọ aláìlóbìí, igba ọwọ́ yẹn lè di ìyà. Tàárọ̀ ń lọ, tọ̀sán ń dé, tòru ń gbà á, ẹnì kan gba ìsinmi, ẹlòmíràn wá dípò rẹ̀. Kí ọmọ tó pé ọdún kan, àwọn tó ti gbé e á ti pọ̀ rẹpẹtẹ, kò sì ní í sí ẹyọ kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí Lóczy kọ́kọ́ ṣe ni pé ó dín ọwọ́ náà kù. Ọmọ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ̀ọ́ kan, àwọn olùtọ́jú díẹ̀ kan náà ló ń wò wọ́n, wọn kì í sì í ṣí ọmọ nípò kiri. Olùtọ́jú kọ̀ọ̀kan ní ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tó jẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀ gan-an. Òun ló ń kọ ìwé nípa wọn: ohun tí ọmọ jẹ, bó ṣe sùn, ohun tuntun tó ṣe, ohun tó bà á nínú jẹ́.

Báwo ni ẹnì kan ṣe máa fún ọmọ kan ní gbogbo ojú rẹ̀ nígbà tí mẹ́jọ mìíràn wà nílẹ̀? Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i rọrùn, ṣùgbọ́n ó gba ìfaradà: wọ́n to àwọn ọmọ tẹ̀ léra wọn, wọn kì í sì í da ètò náà rú. Ọmọ tó bá mọ̀ pé lẹ́yìn lágbájá ló kan òun á lè dúró, torí kò sí ọjọ́ tí kì í kàn án. Nígbà tó bá sì kàn án, kò sí ìkánjú. Bí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́, ìwẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣe. Nílẹ̀ wa, ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ a máa kì í bó ti ń bomi sí i lára, ọmọ á sì máa gbọ́ oríkì rẹ̀ nínú omi. Olùtọ́jú Lóczy ò ní oríkì, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ ọmọ, ó sì ní ọ̀rọ̀ fún ohun gbogbo tó bá ń ṣe: omi rèé, apá rèé, mo fẹ́ fọ ẹ̀yìn rẹ. Ọmọ tó rí ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ yó á lè ṣeré fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wẹ ẹnìkejì.

Eré yẹn náà ní ètò tirẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi ọmọ lélẹ̀ sí. Wọn kì í mú un jókòó kó tó lè jókòó, wọn kì í dì í mú kó dúró, wọn kì í fà á lọ́wọ́ kó rìn. Ohun tí ọmọ ò bá tíì lè ṣe fúnra rẹ̀, wọn ò ní í fi ipá gbé e sínú rẹ̀. Ọmọ á fúnra rẹ̀ yíra, á fàyà fà, á rá, á jókòó, á dìde. Pikler kọ àkọsílẹ̀ nípa bí ọmọ tó lé ní 700 ṣe gbé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, ó sì fi hàn pé ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ní ìrìn á rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì múlẹ̀. Ohun ìṣeré tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé síwájú ọmọ ni aṣọ òwú kan tó ní igun mẹ́rin, tí wọ́n gbé àárín rẹ̀ nà sókè kí ojú ọmọ lè tètè rí i. Ó fúyẹ́, kò lè pa á lára, ọwọ́ tí kò tíì lágbára lè gbé e. Kódà tábìlì tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ìlédìí ní igi yí ká, kí ọmọ lè yíra níbẹ̀, kó dì í mú, kó sì dúró bó bá fẹ́. Olùtọ́jú ló máa wá ọ̀nà àtiso ìlédìí náà bí ọmọ ti wà.

Bó bá di oúnjẹ, ìlànà ilé náà ò gba kí wọ́n fún ọmọ ní ṣíbí kan ju ohun tó fẹ́ lọ. Ẹni tó bá ti bọ́ ọmọ tó ṣàìsàn rí mọ bí èyí ti le tó. Ẹ̀rù á bà ọ́ pé kò tíì yó, ọwọ́ rẹ á fẹ́ ti ṣíbí sí i lẹ́nu. Wọ́n kọ́ olùtọ́jú láti gba ọmọ gbọ́ nígbà tó bá yíjú kúrò.

Síbẹ̀, gbogbo èyí rọrùn ju ohun kan lọ. Olùtọ́jú Lóczy kì í ṣe ìyá ọmọ, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bí ìyá rẹ̀. Ọmọ yìí á lọ. Ó lè padà sọ́dọ̀ òbí rẹ̀, ẹlòmíràn sì lè gbà á tọ́. Bí olùtọ́jú bá so ọkàn mọ́ ọn bí ẹni tó bí i, ìyapa á fọ́ àwọn méjèèjì. Bó bá sì ta kété nítorí ìyapa yẹn, ohun tí Spitz rí ló ń padà bọ̀. Myriam David àti Geneviève Appell, àwọn ará Faransé méjì tó lọ wo ilé náà tí wọ́n sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní 1973, dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Àárín ewu méjèèjì yẹn ni ilé náà wá ọ̀nà gbà: ó ní kí olùtọ́jú fún ọmọ ní ojú rẹ̀, kó fún un ní àkókò rẹ̀ àti ọ̀wọ̀, kó mọ ọmọ dénú, kó má sì bèèrè pé kí ọmọ fi ìfẹ́ san án padà. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ pé kó nífẹ̀ẹ́ ọmọ mẹ́sàn-án bákan náà. Ṣùgbọ́n èèyàn lè kọ́ ọ láti ṣọ́ra pẹ̀lú ọmọ mẹ́sàn-án bákan náà, kó sì ràn án lọ́wọ́ kó má rẹ̀ ẹ́.

Pikler kú ní 1984. Judit Falk, lẹ́yìn náà Anna Tardos, ọmọ Pikler fúnra rẹ̀, ló bá iṣẹ́ náà lọ. Ní 2011, àwọn ọmọ aláìlóbìí ò gbé nílé náà mọ́, ó ti di ilé tí wọ́n ń mú ọmọ wá lójúmọmọ àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ olùtọ́jú. Ìlànà tó gbòde báyìí ni pé inú ìdílé ló yẹ ọmọ ọwọ́, mo sì fara mọ́ ọn. Ilé tó dára jù lọ ò tó ìdílé tó dára. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ tí ìdílé á fi kárí gbogbo ọmọ, àwọn ilé yìí á ṣì wà, ọmọ á sì máa jí nínú wọn láàárọ̀, á máa retí ẹni tó máa gbé e.

Àwa tí a máa ń gbé ìrẹsì àti páálí ọṣẹ lọ sílé àwọn ọmọ aláìníyàá lọ́jọ́ ìbí wa tàbí lásìkò ọdún, ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè díẹ̀ kún ẹ̀bùn wa. Ta ló wẹ ọmọ yìí láàárọ̀ yìí, ṣé òun náà ló máa wẹ̀ ẹ́ lọ́la? Ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Ṣé owó oṣù rẹ̀ tó èyí tó lè dá a dúró síbẹ̀ títí ọmọ á fi mọ̀ ọ́n? Olówó lè kọ́ ilé tuntun láàárín oṣù mélòó kan. Olùtọ́jú tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ọmọ, ọdún ló ń gbà kó tó dáńgájíá, òun sì ni ó yẹ kí owó wa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.