Ṣé Ayékòótọ́ Ni Ọmọdé? Àgbéyẹ̀wò Àkọ́sórí Nínú Kíkọ́ Ọmọdé Nílé

Ìfáàrà

Àkọ́sórí ni kí ènìyàn kọ́ ọ̀rọ̀ tàbí ìmọ̀ kan títí yóò fi lè sọ ọ́ láìwo ìwé. Láàrin àwọn òbí tí ó ń kọ́ ọmọ wọn nílé dípò kí wọ́n rán wọn lọ sí ilé-ìwé, pàápàá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àkọ́sórí jẹ́ òpó gbòógì kan tí ọ̀pọ̀ gbé ẹ̀kọ́ ọmọdé lé. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí wọ́n ti ilé-ìwé pa ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ òbí níbí náà di olùkọ́ ní ọ̀sán gangan. Ìbéèrè kan náà sì kàn wọ́n: báwo ni òbí yóò ṣe mọ̀ pé ohun tí ọmọ ń kà lórí yé e? Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò tíọ́rì tí ó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé àkọ́sórí wúlò púpọ̀ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n èrò pé ọmọdé kàn ń gba ọ̀rọ̀ sínú láìronú kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Tíọ́rì Ìpele Ayékòótọ́

Ní ọdún 1947, Dorothy L. Sayers, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ka bébà kan ní Oxford tí ó pè ní The Lost Tools of Learning. Ó pín ìdàgbàsókè ọmọ sí ìpele mẹ́ta. Ó fi ọmọ wé ayékòótọ́ ní ìpele kìíní, nítorí pé àkọ́sórí máa ń rọrùn fún un, ó sì máa ń dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìrònú kò tíì wù ú. Ìpele kejì ni ti àríyànjiyàn, ìkẹta sì ni ti akéwì. Ní ọdún 1999, Jessie Wise, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ní Virginia láti ọdún 1973, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Susan Wise Bauer, gbé ìwé The Well-Trained Mind jáde. Wọ́n fi ìpele kìíní yìí sí kíláàsì kìíní títí dé ìkẹrin, òkìkí ìwé náà sì kàn láàrin àwọn òbí tí ó ń kọ́ ọmọ nílé.

Àléébù Tíọ́rì Náà

Àléébù kìíní wà lára ẹ̀rí. Sayers fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun fúnra òun ni ọmọdé tí òun mọ̀ jù lọ. Ọmọ náà kì í sì í ṣe ọmọ kan ṣáá: nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún méje ni bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ àlùfáà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní èdè Látìn nílé. Ìka kò dọ́gba. A kò lè fi irú ọmọ kan bẹ́ẹ̀ ṣe òfin fún gbogbo ọmọ.

Àléébù kejì ni pé ìlànà ìkọ́ni tako tíọ́rì. Nínú The Well-Trained Mind, ọmọ kékeré máa ń gbọ́ ìtàn, yóò sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Charlotte Mason, ẹni tí ó tẹ ìwé Home Education jáde ní ọdún 1886, ti gbé irú ìlànà yìí lárugẹ ṣáájú. Ọmọ tí yóò tún ìtàn sọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ṣáájú, ohun tí ó tẹ̀lé e, àti ohun tí òun lè fò. Ìrònú nìyẹn, ayékòótọ́ kò lè ṣe é.

Ìwádìí Roediger àti Karpicke (2006) tún la ọ̀rọ̀ náà yéni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tún àyọkà kà. Àwọn kan gbìyànjú láti rántí rẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ó gbìyànjú láti rántí borí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọdé, nítorí náà ó yẹ kí òbí fi ìṣọ́ra lo àbájáde náà. Síbẹ̀, ó kìlọ̀ pé kíkà tí ó já geere lónìí kì í ṣe ẹ̀rí ìmọ̀ tọ̀la.

Àkọ́sórí Nínú Ilé Yorùbá

Kí ilé-ìwé tó dé ni àkọ́sórí ti wà nínú ilé Yorùbá. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ìyá a ki oríkì rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń mú ọmọ jókòó kí ó máa ka oríkì bí àtẹ ìsọdipúpọ̀. Ọmọ mọ̀ ọ́n nítorí pé òun ni wọ́n ń kì. Nínú àlọ́ àpamọ̀ pẹ̀lú, ọmọ ní láti rí bí àwòrán inú àlọ́ ṣe bá ìdáhùn mu.

Iṣẹ́ Abímbọ́lá (1976) lórí Ifá jẹ́ kí ó hàn pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ awo fi ń kọ́ṣẹ́. Ojú odù 16 àti ọmọ odù 240, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 256, ni ó wà níwájú rẹ̀. Òtítọ́ ni pé yóò kọ́ àwọn ẹsẹ kan sórí kí ìtumọ̀ wọn tó yé e, kókó yìí sì gbe Sayers díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ awo ń jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ nídìí ọpọ́n. Ó ń rí bí ẹsẹ ṣe ń bá ọ̀ràn ẹni tí ó wá dífá mu. Àkọ́sórí àti ìlò kò pínyà.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí òbí lè rí mú nínú àgbéyẹ̀wò yìí kò nira. Ọmọ tí ó ní láti bẹ̀rẹ̀ láti méje lọ́nà ẹyọ kan kí ó tó dé méje lọ́nà mẹ́jọ mọ orin. Kò tíì mọ 56. Kí òbí bi í láti àárín. Kí iṣẹ́ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó pín sí ọjọ́ púpọ̀, kí ọmọ sì rí ibi tí yóò ti lo ohun tí ó kọ́, ìbáà ṣe nínú ìkíni, nínú ìtàn tàbí nínú owó ọjà. Bí kíkà bá ti di ariwo lásán, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n sì padà sí ìtumọ̀.

Ó yẹ kí a rántí pé orúkọ tí Yorùbá fún ẹyẹ náà kò tọ́ka sí ẹni tí ń wí ohun tí kò yé e. Ayékòótọ́ ni ẹni tí ó ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí ayé kò sì fẹ́ gbọ́. Bí a óò bá fi ọmọ wé ayékòótọ́, ti Yorùbá ni ó yẹ kí a lò: kí ohun tí ọmọ ń sọ jẹ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí.