Ewé Tí Kò Lórúkọ: Lámèyítọ́ Lórí Àmì Ìdánimọ̀ Ilé-iṣẹ́ Rédíò Àyíká

Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ àmì ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lórí àyíká fún ayàwòrán lóde òní, ewé ni yóò kọ́kọ́ yà. Yóò fi àwọ̀ ewéko kùn ún, yóò sì fa ìlà méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ bí ọrun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ̀ pé ohùn ń jáde. Àmì náà lè dùn ún wò. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń bèèrè ni pé: ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kí ni ó sì ń sọ fún un?

Nínú tíọ́rì ìmọ̀ àmì, Charles Sanders Peirce pín àmì sí mẹ́ta: èyí tó jọ ohun tó dúró fún, èyí tó ń tọ́ka sí i bí èéfín ti ń tọ́ka sí iná, àti èyí tí àdéhùn àwùjọ sọ di àmì. Ewé ayàwòrán wa kò kọjá ti àkọ́kọ́. Ó jọ ewé, ó tán. Bẹ́ẹ̀ láàrin Yorùbá, ewé kì í ṣàìlórúkọ. Ewé akòko ni a ń fi sórí ẹni tó jẹ oyè. Pèrègún ń fi ààlà ilẹ̀ hàn. Màrìwò ọ̀pẹ ń sọ fún ọ̀gbẹ̀rì pé kó dúró níta. Èwo nínú wọn ni a rí lára pátákó rédíò? Àwọ̀ gan-an kò ràn án lọ́wọ́, nítorí funfun, pupa àti dúdú ni orúkọ àwọ̀ gbòógì nínú èdè wa. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ yin ewé àgbàdo tó rí omi mu dáadáa, dúdú ni yóò pè é.

Panda tí àjọ World Wildlife Fund mú ní ọdún 1961, tí Peter Scott yà, lórúkọ, ó sì wà nínú ewu. Dúdú àti funfun ni, kò náni lówó púpọ̀ láti tẹ̀. Ọfà mẹ́ta tó ń lé ara wọn, tí Gary Anderson yà ní ọdún 1970 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò tilẹ̀ ní igi kankan nínú: iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ènìyàn ṣe ni ó yà.

Yorùbá ní àmì tirẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Òun ni ààlè. Àgbẹ̀ á so àkísà pupa, òòyà tó ti kán, ṣùkù àgbàdo tàbí ìkarahun ìgbín mọ́ igi, olè á sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Kò gba ìwé kíkà, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, ìdọ̀tí tó dí ojú omi wà lára ohun tó dá kún un. Ẹni tó ń da irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ ni rédíò àyíká gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ jù, kì í ṣe ẹni tó ti fẹ́ràn igi tẹ́lẹ̀. Ewé tó rẹwà kò bá onítọ̀hún wí. (Orí ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ń tẹ àmì wọn sí, tí ọ̀rá náà ń gbẹ̀yìn sí gọ́tà!)

Ìgbálẹ̀ ì bá tọ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú APC ti mú un. Rédíò tó bá gbé e sójú pátákó yóò máa fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣàlàyé pé òun kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Ìkarahun ìgbín ni a fara mọ́. Ilẹ̀ tútù ni ìgbín ń gbé. Bí a bá sun igbó, ìkarahun òfìfo ni à ń bá nílẹ̀. Bí ìkarahun náà ṣe ká jọ etí, ó tún jọ ohùn tó ń tàn kálẹ̀, a kò sì nílò àwọn ìlà bí ọrun yẹn mọ́. Àwọ̀ kan ṣoṣo tó o.

Àwọn ọ̀dọ́ lè fi ṣe ẹlẹ́yà pé rédíò tó ń wọ́ nìyí. Ìyẹn kò bà wá lẹ́rù tó ìṣòro kejì: bí a bá dín àwòrán náà kù kí ó lè wọ ojú fóònù, okùn tí a fi so ìkarahun náà lè pòórá. Ìgbín tí kò ní okùn kì í ṣe ààlè mọ́. Ẹran ọbẹ̀ ni. Okùn yẹn ni kí ayàwòrán jẹ́ kí ó nípọn jù.