Òkè Mẹ́fà: Táfá Adéoyè àti Ìṣirò Àgbẹ̀

Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ní Ìbàdàn, ni ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó bọ̀ ti ń já èrò sílẹ̀, ní ibùdó tí wọ́n fi sọ orí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Iyì náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 1969, Awólọ́wọ̀ yìí kan náà ló lọ bá àgbẹ̀ kan lábúlé Akanran, kí ìjà owó-orí lè tán nílẹ̀. Táfá Adéoyè ni àgbẹ̀ náà ń jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí lójú irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀, orin Àgbẹ́kọ̀yà, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí owó-orí náà, ni kó kọ́kọ́ gbọ́, kó tó ṣí ìwé.

Ìgbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà ni. Ìjọba ń wá owó, owó-orí sì ń gòkè. Bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó kì í san iye tí kòkó ń pa lọ́jà àgbáyé fún ẹni tó gbìn ín. Ilé Kòkó ti ga ní Dùgbẹ̀ láti 1965, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko kò ṣeé tọ̀. Wolé-wolé ń dààmú ará abúlé, akódà ń lé ẹni tí kò rówó-orí san wọ igbó. Ní oṣù Kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ ya bo gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún kejì, wọ́n fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀.

Òkè mẹ́fà ni orin wọn ní àwọn yóò san. Ibí yìí ni ọgbọ́n orin náà wà. Pọ́n-ùn àti ṣílè ni ìjọba ń ná. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́. Síbẹ̀, òkè, àpò tó gba ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ, ni àgbẹ̀ ṣì fi ń ṣírò. Òkè kan jẹ́ ṣílè márùn-ún, mẹ́fà sì jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Ìṣirò baba wọn ni wọ́n fi dá ìjọba lóhùn. Kò sí ìwé ìgbìmọ̀ ìwádìí kankan tó lè fi ọkàn àgbẹ̀ hàn tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ orin náà ní àléébù. “Àwa” ló ń wí. Kò sọ iye ebè tí Táfá kọ, kò sọ ẹni tó ń bá a ká kòkó, kò sọ ohun tó ń rò lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bọ̀ láti Agodi. Ìwé tí Christopher Beer tẹ̀ jáde ní 1976 ṣàlàyé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé. Láàárín “àwa” ti orin àti “ẹgbẹ́” ti ìwé, ẹnì kan ṣoṣo ń sọnù. Ẹ̀rí èrò ni orin yìí, kò sì lẹ́gbẹ́ níbẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé kọ́.

Pọ́n-ùn méjì ni ìjọba gbà nígbẹ̀yìn pé kí olúkúlùkù máa san. Òkè mẹ́jọ nìyẹn: ó fi méjì ju ti orin lọ, àwọn àgbẹ̀ sì gbà á.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún lọ́jọ́ Mápó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Wọ́n ṣì wà lábúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Ẹ̀yin ọmọ wọn, fóònù wà lọ́wọ́ yín: ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n san, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀.