Iṣẹ́ Ló Lọ Ni, Àbí Àwọ̀ Ló Fà Á?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bá William Julius Wilson jà ni kò ka ìwé rẹ̀ kọjá àkọlé. Ìwé 1978 ló dá ìjà sílẹ̀, The Declining Significance of Race. Ó ní ipò tí wọ́n bí adúláwọ̀ Amẹ́ríkà sí ti ń ju àwọ̀ ara rẹ̀ lọ nínú ohun tó máa rí jẹ. Ẹgbẹ́ àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ bẹnu àtẹ́ lù ú. Ká sọ òótọ́, àkọlé yẹn ò dáa. Ó fún ẹni tó ní kí ìjọba má ṣèrànwọ́ mọ́ ní ohun tí yóò dì mú.

Ṣùgbọ́n Wilson kì í ṣe ọmọ olówó tó ń ti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wo tálákà o. Awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀ ní Pennsylvania. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró pa á ní ọmọ ọdún 39, ọmọ mẹ́fà ló sì fi sílẹ̀ fún ìyá wọn.

Chicago, níbi tó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì láti 1972 sí 1996, ló ti rí ohun tó kọ dáadáa jù. Ilé iṣẹ́ irin ń kógbá sílé. Nígbà tí òfin gba adúláwọ̀ láàyè láti ra ilé níbòmíràn, àwọn tó rí jájẹ kó lọ. Ta ló kù? Aláìníṣẹ́ àti aláìníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ń dá, ṣọ́ọ̀bù ń tì. Ọkùnrin tí ò gbowó oṣù, ta ni yóò fọmọ fún un? Nínú When Work Disappears (1996), ó mú àdúgbò mẹ́ta ní gúúsù ìlú náà: ní 1950, nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, 69 ló ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní 1990, ó ku 37. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà.

Ibi tí mo ti bá a jiyàn nìyí. Nínú ìwé yẹn kan náà, àwọn agbanisíṣẹ́ fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ò fẹ́ gba ọmọ adúgbò báwọ̀nyí, pàápàá ọkùnrin adúláwọ̀. Àwọ̀ kọ́ nìyẹn? Ó ti ẹnu ọ̀nà iwájú jáde ní 1978, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà. Massey àti Denton ti wí i ní 1993, nínú American Apartheid, pé ìpínyà ilé gbígbé nítorí àwọ̀ gan-an ló kó òṣì jọ sójú kan.

Obìnrin ńkọ́? Bí Wilson bá ń ka ìṣòro ìdílé wọn, iṣẹ́ ọkọ ló máa ń gbájú mọ́ jù. Owó oṣù ìyàwó kì í jẹ ẹ́ lógún tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ka ẹyọ kan, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti 1996. Kó fi ti 1978 sílẹ̀ di ìgbà tó bá ti mọ ọkùnrin náà.